Iná Tí Kò Kú Nínú Bọ́ọ̀sì Lisiate

Fungalei, Vavaʻu, Tonga
Ọjọ́ kẹrin oṣù Èrèlé, 2019

Losaline ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kí ọ, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣì rántí orúkọ rẹ. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ìjì tó kọjá kò bá wa jà púpọ̀, páànù méjì péré ló ṣí lórí ilé ìdáná. Ara wa le. Ìkíni tó bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì tí o fi ránṣẹ́ sí mi ń dójú tì mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí iná kékeré kan aláwọ̀ ọsàn ti ń tàn níwájú mi lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, iná tí wọ́n ya ẹ́ńjìnnì sí. Bí mo bá dúró láti gbé èrò, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí mo bá dé ìdí òkè ẹ̀yìn ilé ìwé, agbára rẹ̀ á tán. Àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọn á máa fẹsẹ̀ gun òkè, èmi á máa wọ́ tẹ̀ lé wọn bí ẹni tó ń da ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń mu omi gbòǹgbò kava ní gbọ̀ngàn ti sọ bọ́ọ̀sì náà lórúkọ. "Ẹ Jẹ́ Ká Fẹsẹ̀ Rìn" ni wọ́n ń pè é.

Má rò pé mo káwọ́ gbera. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Neiafu tó ní ẹ̀rọ ayẹ̀wò. Ó ki okùn ẹ̀rọ náà bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Kò kọ nọ́ńbà àṣìṣe tí ẹ̀rọ náà gbé jáde fún mi. Mo ra tuntun, mo fi sí i, iná kú fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún ó tún tàn, ó wá dà bí ìgbà tó ń fi mí ṣẹ̀sín.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé, ṣé o yẹ ọkọ̀ yìí wò kí o tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, àbí ọ̀dà ara rẹ̀ ló wù ọ́? Mo rò pé ọkọ̀ tó ti gbó ni wọ́n kùn fún ọ. Fi sẹ́ńsọ̀ mìíràn ránṣẹ́, ojúlówó ni kó jẹ́. O ní o ti di mẹkáníìkì níbẹ̀. Jẹ́ ká rí i.

Bó bá jẹ́ pé Saia ẹ̀gbọ́n rẹ wà nílé ni, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu.

Bàbá rẹ,
Lisiate


Logan, Queensland, Ọsirélíà
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Èrèlé, 2019

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ sọ fún wọn pé aṣọ tí wọ́n rán sí mi bá mi mu, apá rẹ̀ nìkan ló gùn díẹ̀. Ara mi le.

Mo ka lẹ́tà yín tán, mi ò lè jẹun. Bàbá, èmi fúnra mi ni mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ bọ́ọ̀sì yẹn ní Sátidé mẹ́ta léraléra. Èmi ni mo pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀, èmi ni mo tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀dà kankan tó tàn mí jẹ. Ọkọ̀ tó le ni mo fi ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ lè máa gbé àwọn ará abúlé lọ sí ọjà àti èbúté. Ẹ lò ó fún ọdún kan gbáko, kò bàjẹ́. Ọpẹ́ kankan ò dé ọ̀dọ̀ mi lọ́dún yẹn. Ìgbà tí iná kan tàn ni mo tó gba lẹ́tà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Sẹ́ńsọ̀ yẹn, ẹlẹ́rìí lásán ni. Ó ń ka afẹ́fẹ́ tó bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, ó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì pé "báyìí báyìí ló wọlé," ẹ́ńjìnnì á sì bu epo tó bá a mu. Bí ihò bá wà lára họ́ọ̀sì, rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, afẹ́fẹ́ olè á gba ibẹ̀ wọlé. Sẹ́ńsọ̀ ò rí i, kò kà á. Ìṣirò ò ní bára mu, iná á tàn, wọn á sì ní sẹ́ńsọ̀ ló jẹ̀bi. Ẹ lè pààrọ̀ ẹlẹ́rìí lẹ́ẹ̀mẹwàá, olè ò ní torí ẹ̀ jáde nílé.

Ọmọ Vaka ará abúlé wa ń bọ̀ wálé fún ìsìnkú ìyá rẹ̀ àgbà. Mo fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò kékeré kan rán an sí yín, tiyín ni. Ẹ fi wo ọkọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde sínú lẹ́tà. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi àpótí asẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ máa tẹ́tí bọ̀ títí dé ara ẹ́ńjìnnì. Bí ihò bá wà, ẹ ó gbọ́ ọ, á máa dún fíì bí ejò. Ẹ má ra nǹkan kan mọ́. Mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ èyí: ẹ má gbé èrò.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Lọ́dún yìí nìkan, Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà ni mo ti pè sílé. Màmá ló ń gbé e, wọ́n á ní ẹ wà lágbàlá, ẹ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ní Tonga, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ọkọ́? Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ tí Màmá ń lọgun lé yín lórí pé, "Losaline ni, Losaline ni," ẹ ò sì dáhùn. Bí ẹ bá ṣì ń bínú pé mo lọ láìgbàṣẹ, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ yé fi Màmá parọ́.

Ọmọ yín,
Losaline


Fungalei
Ọjọ́ kejì oṣù Igbe, 2019

Losaline,

Mo kí ọ. Ẹ̀rọ rẹ dé. Mo fi wo ọkọ̀, ó kọ P0101. Mo ní kí olùkọ́ ilé ìwé bá mi ka ìwé tó bá a wá, ó kà á, ó ní sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ni nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí. O rí i pé ẹ̀rọ tí ìwọ fúnra rẹ rán sí mi ló gbè mí lẹ́yìn. Mo ra sẹ́ńsọ̀ kejì, mo fi sí i. Kí o tó sọ pé mi ò ṣe tìrẹ: mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tẹ́tí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Iná kú. Mo ní ó ti parí nìyẹn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Kepu sáré wá bá mi. O mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà. Fifita ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, ọkọ̀ kankan ò sí ní abúlé ju tèmi lọ. Òjò ń rọ̀. Mo gbé wọn, òun, ìyàwó àti ìyá Kepu. A dé àárín òkè ilé ìwé, iná yẹn tàn, ẹ́ńjìnnì gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì fi rẹ̀. Ọkùnrin márùn-ún jáde wá tì í, ẹrẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ wọn, bọ́ọ̀sì ń yí padà sẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó ń hun ẹní ní ilé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gbé ẹní tí wọn ò tíì hun tán wá, wọ́n fi bo fèrèsé yíká. Orí àga ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbẹ̀bí ọmọ náà. Obìnrin ni. Ó ké, a ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dà lára Fifita, kò dá. Ọkọ̀ kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ kọjá lọ sí ọjà ló padà gbé e dé ọsibítù, orí àpò ẹ̀gẹ́ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Wọ́n ní yóò yè.

Wọ́n sọ ọmọ náà ní Hala, ìyẹn Ọ̀nà, torí pé ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí. Orúkọ yẹn á máa bá mi gbé abúlé yìí títí tí n ó fi kú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Kepu dúró níwájú mi, gbogbo ìjọ ń wò. Ó ní, "Lisiate, o mọ̀ pé ọkọ̀ rẹ ń ṣàìsàn. O mọ̀, o sì gbé ìyàwó mi sínú rẹ̀." Kò pè mí ní bàbá.

Nítorí náà má kọ lẹ́tà ìkọ́ni sí mi mọ́. Mo ti fi tapólì bo bọ́ọ̀sì rẹ.

Lisiate


Logan
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Igbe, 2019

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Mo bá Fifita dúpẹ́ ẹ̀mí tó kù. Ìkíni mi mọ níbẹ̀.

Ẹ gbé aboyún tó ń rọbí sínú ọkọ̀ tí mo ní kí ẹ má gbé ènìyàn sí. Mo mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ mìíràn. Mo mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí tí ọkọ̀ náà fi ṣì ń ṣàìsàn lẹ́yìn oṣù méjì, nígbà tí iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lè wò ó sàn.

Ẹ ní ẹ tẹ́tí, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ta lẹ ń sọ ọ́ fún? Ẹ̀yin lẹ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ọkọ̀ kan kọjá lójú ọ̀nà, tí ẹ tẹ̀ sí etí Màmá pé bẹ́líìtì ọkọ̀ yẹn á já kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó já. Àárín yín ni mo jókòó sí. Èmi ni mo máa ń gbé garawa omi tí ẹ fi ń fọwọ́. Saia lẹ ń fi sípánà lé lọ́wọ́, ẹ ní kí èmi sún sẹ́yìn, kí epo má baà ta sí mi láṣọ. Mo sún sẹ́yìn, mo sì ń wò. Ohun tí mo mọ̀ kí n tó dé orílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀yìn yín ni mo dúró sí tí mo fi kọ́ ọ.

Nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ ò tẹ́tí. Ẹ ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ kejì kí wọ́n má baà sọ pé ọmọbìnrin ló kọ́ yín níṣẹ́. Bó bá jẹ́ Saia ló sọ ọ́, ọjọ́ kan náà lẹ máa ṣe é. Saia tó ti ju sípánà sílẹ̀, tó ń to páálí ní Auckland, tí kì í kọ̀wé.

Mo ròyìn ọkọ̀ náà fún Darryl ọ̀gá mi. Ó ní, "Ihò ni. Ẹni tó bá ti ní etí á gbọ́ ọ." Ojú tì mí láti sọ fún un pé bàbá mi ní etí, kò kàn fẹ́ lò ó ni.

Mi ò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Bí ìgbéraga yín bá tóbi ju ẹ̀mí àwọn ará abúlé lọ, ẹ ta bọ́ọ̀sì náà fún ẹni tó máa tún un ṣe.

Losaline


Logan
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Òkúdu, 2019

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé lónìí tí mi ò rí lẹ́tà. Mo pe Màmá. Wọ́n ní ẹ ń jẹun, ẹ ń lọ sí oko, bọ́ọ̀sì wà lábẹ́ tapólì. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún yín. Wọ́n ní, "Fi bàbá rẹ sílẹ̀, Losaline." Ohùn Màmá ò dà bí ti ẹni tó ń bínú. Ó dà bí ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí.

Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé. Bó bá jẹ́ èébú náà ni, ẹ kọ ọ́.

Losaline


Fungalei
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Òkúdu, 2019

Losaline,

O ní kí n kọ èébú. Mi ò ní bú ọ. O ní bàbá rẹ ní etí, kò kàn fẹ́ lò ó ni. Mo ka gbólóhùn yẹn, mo ká lẹ́tà náà, mo fi sí ìsàlẹ̀ àpótí sípánà mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí àpótí yẹn.

Bàbá rẹ ò ní etí. Ó ti di. Mo ti kọ ọ́ báyìí, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́.

Ó lé ní ọdún mẹ́rin tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá ilé iṣẹ́ yìnyín níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìdínlógún ló jẹ ẹ́, nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Mo rò pé àwọn ẹyẹ ti ṣí lọ ni. Lẹ́yìn náà ni mi ò gbọ́ ohùn àwọn obìnrin mọ́ nínú orin ìjọ, ti àwọn ọkùnrin nìkan ló kù. Báyìí, mo ń gbọ́ òkun, mo ń gbọ́ ààrá, mo ń gbọ́ olùṣọ́ àgùntàn bó bá ń bínú. Ohùn ìwọ lórí fóònù dà bí omi nínú páìpù. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, mi ò mọ ohun tí o ń sọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́ mo dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" fún ohun tí mi ò gbọ́. Mo rí i lójú ìyá rẹ pé ohun tí mo dáhùn ò dáa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jáde lọ sí àgbàlá bí fóònù bá ti dún. Èmi ni mo ní kí ìyá rẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, Losaline. Wákàtí kan ni mo fi tẹ́tí. Mo gbé etí ọ̀tún sún mọ́ ọn, mo gbé ti òsì, fáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ gé irun mi. Mi ò purọ́ fún ọ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ta ló máa gbé ọkọ̀ wá fún mẹkáníìkì adití? Ọwọ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì kí n mọ bó ṣe ń mí. Ọwọ́ ò lè gbọ́ fíì. Ẹ̀rọ rẹ wá sọ pé sẹ́ńsọ̀ ni, mo dì í mú bí ẹni tó rì sómi, torí pé ó sọ ohun tí mo lè fi ojú kà.

Ní ti garawa, òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe fún àwọn arábìnrin mi, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ̀ pé o ń wò.

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ. Inú ṣì ń bí mi. Inú ń bí mi sí ọ, inú ń bí mi sí ara mi, inú sì ń bí mi sí Kepu torí pé òótọ́ ló sọ. Má sọ ọ́ fún ará wa kankan ní Logan.

Bàbá rẹ


Logan
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Agẹmọ, 2019

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo kí Màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bá àwọn náà jà lórí fóònù lánàá, wọ́n sì sunkún.

Mo tọrọ àforíjì fún gbólóhùn kan ṣoṣo, èyí tí mo sọ nípa etí. Àwọn yòókù, mi ò tíì tọrọ. Ọdún mẹ́rin, Bàbá. Mo ń gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, mo ń jókòó sí ilé ìwẹ̀ ilé àǹtí tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, mo ń sọ fún ara mi pé bàbá mi ti kọ̀ mí lọ́mọ. Mo ti ń gbé pẹ̀lú èrò yẹn, mo ti ń fi í ṣe iṣẹ́. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí ẹ kọ, ẹ ò kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa kórìíra ilé torí pé ojú ń tì yín. Mi ò mọ ohun tí n ó fi ìbínú yìí ṣe, torí náà mo gbé e lọ sí ibi iṣẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo fi ohun ìdítí tí a máa ń lò nídìí ẹ̀rọ dí etí mi méjèèjì, mo fi òwú kún abẹ́ rẹ̀. Mo ní kí Darryl fi abẹ la họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ ọkọ̀ kan tí a fẹ́ tú tà, kó má sọ ibẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí kò gbọ́ràn lè rí i. Mo rí i, Bàbá. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Èéfín ni mo fi wá a.

Ẹ ṣe é báyìí. Kí ẹ́ńjìnnì kú, kó tutù pátápátá, kí epo má sí nítòsí. Ẹ wá agolo bisikíìtì olómorí. Ẹ lu ihò méjì sí i, ẹ ki páìpù rọ́bà kan bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó èèpo àgbọn gbígbẹ tó ń jó lábẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀, kó má gbiná, kó kàn máa rú èéfín. Ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ sí páìpù kan, ẹ ki èkejì bọ ẹnu àpótí asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ fi ọ̀rá wé ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ kọ́kọ́ yọ sẹ́ńsọ̀ kí èéfín má bà á jẹ́, kí ẹ dí ojú ihò rẹ̀. Kí ẹ wá máa fún pọ́ǹpù díẹ̀díẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ olè ń gbà wọlé ni èéfín á gbà jáde. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ di họ́ọ̀sì mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ihò kan wà tí kì í la ẹnu àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ń fi agbára gun òkè.

Ẹ ò nílò etí fún un. Kí ẹ kọ̀wé sí mi, ì báà jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́.

Losaline


Fungalei
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ògún, 2019

Losaline ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní òun kì í sunkún, pé òtútù ló mú òun lọ́jọ́ náà.

Mo ṣí tapólì ní ọjọ́ Ajé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Mo ṣe gbogbo ohun tí o kọ, ìyá rẹ ń fún pọ́ǹpù, èmi ń fi tọ́ọ̀ṣì wò. Ó fún un títí, èéfín ò jáde níbì kankan, ó ń bú mi, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo wá di họ́ọ̀sì ńlá náà mú, mo tẹ̀ ẹ́ sókè. Èéfín sì rú jáde láti abẹ́, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹnìkan ń mu tábà lábẹ́ ibẹ̀. Mo dá ọwọ́ ìyá rẹ dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún rú.

Mo tú họ́ọ̀sì náà. Ó ti ya níwọ̀n ìka kan, lábẹ́, létí kílíìpù tó dè é. N ó sọ ìyókù, kò rọrùn fún mi. Nígbà tí mo fọ asẹ́ afẹ́fẹ́ ní oṣù Bélú, èmi ni mo de kílíìpù yẹn. Mo dè é jù, irin rẹ̀ wọ inú rọ́bà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbọ́ bí irin ṣe ń ké bó bá ti tó. Ọkọ̀ tí o rán sí mi ò gbó, Losaline. Èmi ni mo bà á jẹ́, mo sì fi oṣù mẹ́fà bú ọ lé e lórí.

Mo tú họ́ọ̀sì kan lára ọkọ̀ tó ti kú sí ẹ̀yìn ilé, mo fi sí i. Mo fi ẹ̀rọ rẹ pa nọ́ńbà náà rẹ́. Mo gun òkè ilé ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo kó àpò iyanrìn mẹ́wàá sí ẹ̀yìn. Iná ò tàn. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì, kò tàn.

Mo lọ sí ilé Kepu. Mo jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ ṣe máa ń jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀, ti kílíìpù àti ti etí. Ó gbọ́ mi tán. Ó wọlé. Fifita ló jáde, ó ti ń rìn dáadáa, ó gbé omi fún mi mu. Mi ò mọ̀ bóyá Kepu á dárí jì mí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè kán lójú.

Lánàá, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá láti òdìkejì erékùṣù. Mo tẹrí sí iṣẹ́, mi ò mọ̀ pé ó ti wà lẹ́yìn mi, pé ó ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́. Nígbà tí mo yíjú, ó ti ń bínú, ó ní èmi kò ka òun sí. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò. Mo ní, "Bọ́ síwájú mi. Etí mi ti di. Bí mi ò bá rí ẹnu rẹ, mi ò lè gbọ́ ọ." Mo sọ ọ́ sókè, ìyá rẹ ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bọ́ síwájú, ó ṣí fìlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní bí ọkọ̀ náà bá ti gbóná, ó ń kú lójijì, bó bá tutù á tún jí. Mo fi ẹ̀rọ wò ó, ó kọ P0340, ìwé rẹ̀ tún ń na ìka sí sẹ́ńsọ̀ kan. Mi ò tíì ra nǹkan kan. Mi ò tíì tú nọ́ọ̀tù kankan. Ọkùnrin náà ní òun kò kánjú, ọkọ̀ mìíràn wà nílé òun.

Pe ìyá rẹ ní Sátidé tí lẹ́tà yìí bá dé. Ó ti ra ìwé kan. Bí o bá ṣe ń sọ̀rọ̀ ni yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀, èmi á jókòó tì í, mi ò ní jáde lọ sí àgbàlá. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò lára ọkọ̀ akẹ́rù yẹn?

Bàbá rẹ,
Lisiate